Àna Mi Gba Ojú Fèrèsé Jáde

Ẹ̀yin tí ẹ sìn mí dé èbúté lọ́jọ́ tí mo ń lọ, ẹ̀yin tí ẹ ò sì jẹ́ kí n gbádùn láti ìgbà tí mo ti dé, tó jẹ́ pé "Ìyá Bùsọlá, báwo ni ìlú òyìnbó?" ni mò ń gbọ́ láàárọ̀ lálẹ́, ẹ jókòó kí n sọ ọ́ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, kí n lè ráyè hun ẹní mi. Àkọ́kọ́ ná, kì í ṣe ọ̀dọ̀ òyìnbó ni mo lọ. Amẹ́ríkà ni lóòótọ́, ṣùgbọ́n ọ̀dọ̀ àwọn tó ni ilẹ̀ náà kí òyìnbó tó dé ni. Lakota ni wọ́n ń jẹ́. Ẹni tó bá tún pè wọ́n ní òyìnbó lójú mi, èmi àti onítọ̀hún la jọ máa fà á.

Ohun tó gbé mi lọ ni pé Bùsọlá, àbígbẹ̀yìn mi tó ń ṣe nọ́ọ̀sì níbẹ̀, rí ọkọ. Ó ní Kálìfín lorúkọ rẹ̀, ọmọ Lakota ni, ó ń sin ẹṣin, ó sì ń tún mọ́tò ṣe. Wọ́n ti fọwọ́ sí ìwé ní kóòtù. Ẹ̀yin náà sì mọ̀ pé nílé tiwa, kì í ṣe ìwé kóòtù ló ń fúnni níyàwó. Ẹ̀gbọ́n ọkọ mi, Bàbá Ọlọ́kọ̀, tó jẹ́ olórí ẹbí láti ìgbà tí ọkọ mi ti kú, pè mí, ó ní, "Ìyàwó wa, ìwọ ni kó o lọ wò ó. Bó o bá dé tó o ní bẹ́ẹ̀ ni, a ó gba ìdáná. Bó o bá ní rárá, kò sẹ́ni tó máa gba orógbó kan lọ́wọ́ wọn."

Bùsọlá náà sọ tiẹ̀ lórí fóònù. "Mọ́mì, bí ẹ bá ní rárá, mi ò ní bá a gbé láìsí ìre yín. Màá kó ẹrù mi jáde. Ṣùgbọ́n ẹ má wá ọkọ mìíràn fún mi o." Ẹ wo ọmọ tí mo bí. Ó gbé ọ̀bẹ lé mi lọ́wọ́ tán, ó tún ń sọ ibi tí mi ò gbọdọ̀ gé.

Koríko

Èmi tí wọ́n bí sórí omi, tó jẹ́ pé bí mo bá da omi ìfọṣọ nù, inú ọ̀sà ló ń bọ́ sí, mo dé ibi tí mo wo iwájú, koríko, mo wo ẹ̀yìn, koríko. Ó gbẹ, ó pọ́n ràkọ̀ràkọ̀, ó sì lọ títí dé ibi tí ojú ọ̀run ti bẹ̀rẹ̀. Kò sígi tí èèyàn lè fi ṣe àmì. Mo bi Bùsọlá pé níbo ni wọ́n ń so ọkọ̀ mọ́, ó fi mí rẹ́rìn-ín. Òtútù ibẹ̀ kì í sì í ṣe ẹgbẹ́ tiwa. Ọyẹ́ tiwa ń kíni ni, tiwọn ń gbáni lọ́rùn mú.

Kálìfín ló wá gbé wa. Ó ga, ó sanra, irun rẹ̀ gùn ju tèmi lọ, ó sì dì í ní ẹyọ kan sẹ́yìn. Mo tún gèlè ṣe, mo dúró bí ìyá ìyàwó ṣe ń dúró, mò ń retí ìdọ̀bálẹ̀. Mo tilẹ̀ ti to ohun tí màá sọ sẹ́nu: "Dìde, ọmọ mi, ó tó." Ọ̀gbẹ́ni yìí wo bàtà mi, ó kẹ̀yìn sí mi, ó gbé àpótí mi, ó ń lọ. Kò ní ẹ káàbọ̀, kò ní ẹ pẹ̀lẹ́. A wọ mọ́tò, mo jókòó sẹ́yìn, mo bá rí i tó nawọ́ sí dígí tí awakọ̀ fi ń wẹ̀yìn. Ó yí i sókè, ó kọ ojú rẹ̀ sí òrùlé mọ́tò, kó má bàa rí mi nínú ẹ̀.

Mo ní, "Bùsọlá, ṣé ojú mi ń rùn ni?"

"Mọ́mì, èmi náà ò mọ ohun tó ṣe é. Láàárọ̀ yìí ló ń kọrin pé ẹ ń bọ̀."

Mo ní, "Orin náà ti tán nìyẹn."

Fèrèsé

Ilé ìyá àgbà tó tọ́ Kálìfín dàgbà la lọ, ibẹ̀ ni òun àti Bùsọlá ń gbé. Únṣí ni gbogbo èèyàn ń pè é, orúkọ tí wọ́n ń pe ìyá àgbà lédè wọn nìyẹn. Mo kúnlẹ̀ kí i, nítorí ó jù mí lọ dáadáa. Mo ní ẹ kú ilé, ẹ kú òtútù, ẹ kú ọmọ, Bùsọlá ń túmọ̀ rẹ̀ sí gẹ̀ẹ́sì títí ó fi rẹ̀ ẹ́. Únṣí mi orí lẹ́ẹ̀kan, ó sì bu ọbẹ̀ fún mi. Bí wọ́n ṣe rí nìyẹn. Àlejò á wọlé, á jókòó, wọn ò ní bi í léèrè nǹkankan, oúnjẹ ni wọ́n á kọ́kọ́ gbé síwájú rẹ̀. Wọ́n lè jọ mu kọfí tán kí ẹnikẹ́ni má sọ̀rọ̀, kò sì sí ìjà. Ní Etíkàn wa níbí, bí ilé bá dákẹ́ báyẹn, a ó ní kí wọ́n lọ pe pásítọ̀.

Oúnjẹ wọn ò burú. Wọ́n ní búrẹ́dì tí wọ́n ń dín nínú òróró, wọ́n ní ọbẹ̀ èso aládùn tí wọ́n ń kì í bọ̀. Wọ́n ń sá ẹran ẹfọ̀n gbẹ, wọ́n á gún un pọ̀ mọ́ ọ̀rá àti èso igbó, ó sì lè pẹ́ lọ́wọ́ wọn bí ẹja yíyan ṣe ń pẹ́ lọ́wọ́ wa. Nígbà tí mo ro púpurú tí mo gbé lọ, ẹ̀gẹ́ wa tí a ń fi èéfín yan gbẹ, Únṣí gbóòórùn èéfín lára rẹ̀, ó ní àwọn tó mọ bí ebi ṣe ń rí ló ṣe oúnjẹ yìí. Inú mi dùn sí obìnrin náà. Ọmọ tó tọ́ ni mi ò rí ọ̀nà gbé e gbà.

Bí mo bá wọ pálọ̀, Kálìfín á jáde. Bí mo bá jáde, á wọ pálọ̀. Ibi tí wọ́n ń gbé mọ́tò sí ló ti ń jẹun. Mo ní kò burú, èmi tí mo fi gbogbo ọjọ́ ayé mi ṣe tíṣà, tí mo ti mú ọmọ tó sá pamọ́ sábẹ́ afárá, ọkùnrin tó tóbi tó yìí ló máa wá bọ́ mọ́ mi lọ́wọ́? Mo jí ní kùtù, mo sá sẹ́yìn ilẹ̀kùn ibi ìdáná. Ó wọlé, ó bu kọfí. Mo ti ilẹ̀kùn, mo fi ẹ̀yìn tì í.

"Káàárọ̀ o, ọkọ ọmọ mi."

Ó wòkè, ó wolẹ̀. Ó fa fìlà bo ojú. Mo rí i tó ń fi ọwọ́ wá nǹkan lára ògiri, mi ò mọ̀ pé fèrèsé ló ń wá. Ó ṣí i, ó na ẹsẹ̀ kan síta, ó na èkejì, ikùn rẹ̀ há. Ó fún ara rẹ̀ pọ̀, ó tiraka, ó sì bọ́ sílẹ̀ lẹ́yìn ilé, gbì, tòun ti ife kọfí lọ́wọ́. Únṣí yọ láti yàrá, ó rí bàtà rẹ̀ tó ń gba ojú fèrèsé lọ. Ìyá àgbà náà jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, ó rẹ́rìn-ín títí omijé fi ń bọ́ lójú rẹ̀.

Èmi ò rẹ́rìn-ín. Mo lọ sí yàrá, mo ń di ẹrù mi. Mo ní, "Bùsọlá, rárá ni ìdáhùn mi. Ẹni tó bá lè bẹ́ lójú fèrèsé nítorí kó má kí mi, bí mo bá kú, ṣé á sin mí?"

Ọmọ yìí ò bá mi jiyàn. Ó fa àpótí tiẹ̀ náà jáde, ó ń ká aṣọ rẹ̀ níkọ̀ọ̀kan, omijé ń kán sórí aṣọ tó ń ká. Ó dùn mí dé egungun, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ti jáde lẹ́nu mi, ẹ sì mọ ẹnu mi.

Únṣí wọlé, ó jókòó sórí ibùsùn láàárín àpótí méjèèjì. Gẹ̀ẹ́sì ló fi bá mi sọ ọ́, ohùn rẹ̀ rọra ń bọ̀. Ó ní, "Nílẹ̀ tiwa, ọkùnrin kì í wo ojú ìyá ìyàwó rẹ̀. Kì í bá a sọ̀rọ̀ tààrà. Bó bá rí i lọ́nà, á yà fún un, ìyá ìyàwó náà á sì fi aṣọ bo orí. Kò sí ọ̀wọ̀ tó ju ìyẹn lọ. Àwọn ọmọ ìsinsìnyí ò ṣe é mọ́, wọ́n ń bá ìyá ìyàwó wọn jókòó wo bọ́ọ̀lù. Èmi ni mo sọ fún Kálìfín láàárọ̀ ọjọ́ tó o dé pé obìnrin yìí gba orí òkun kọjá wá, kó bọ̀wọ̀ fún un bí wọ́n ṣe ń ṣe é láyé ìyá mi."

Mo ní, "Ọ̀wọ̀ ló ń gba fèrèsé jáde?"

"Ìwọ lo ti ilẹ̀kùn," ó ní. "Láyé ìyá mi, àwọn méjèèjì ni wọ́n máa ń sá fúnra wọn. Ìwọ ni ìyá ìyàwó tí mo kọ́kọ́ máa rí tó ń dọdẹ àna rẹ̀."

Bùsọlá tó ń sunkún bẹ̀rẹ̀ sí rẹ́rìn-ín sínú aṣọ. Mi ò tú ẹrù mi o. Mo kàn tì í sábẹ́ ibùsùn ni, kí n lè ro ó.

Orí òkè

Lọ́jọ́ kan Únṣí ní kí Bùsọlá wa àwa méjèèjì lọ sórí òkè kan tó ti máa ń wo ilẹ̀ wọn. Ó na ètè síwájú. Wọn kì í fi ìka júwe nǹkan, ètè ni wọ́n ń nà, bí àwa náà ti ń ṣe tí àlejò bá wà ní pálọ̀ tí a fẹ́ fi ibi tí ẹran wà han ọmọ. Ó ní ẹfọ̀n ló kún gbogbo ibẹ̀ tẹ́lẹ̀. Ẹfọ̀n kì í gbé ojú kan, nítorí náà àwọn náà kì í gbé ojú kan. Ẹran rẹ̀ ni wọ́n ń jẹ, awọ rẹ̀ ni wọ́n fi ń ṣe àgọ́, iṣan rẹ̀ ni wọ́n fi ń rán aṣọ, egungun rẹ̀ ni wọ́n fi ń họ awọ. Kódà ìgbẹ́ rẹ̀ tó bá gbẹ, òun ni wọ́n fi ń dáná. Mo ní ìyẹn nìkan lẹja ò tíì ṣe fún wa.

Ó ní obìnrin ló ni àgọ́. Obìnrin ló ń rán an, òun ló ń gbé e ró, òun ló ń tú u bí wọ́n bá ń ṣí lọ. Bí ọkọ bá sì sú u, á kó ẹrù ọkọ síta. Ọkùnrin á ti oko ọdẹ dé, á bá bàtà rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà, ẹjọ́ ti tán nìyẹn. Mo ní kó tún un sọ, ó tún un sọ. Bùsọlá ní, "Mọ́mì, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má gbé ọ̀rọ̀ yìí dé Etíkàn." Mo ti gbé e dé. Mo gbọ́ pé àwọn ọkọ kan ti ń gbé bàtà wọn sùn.

Lẹ́yìn náà ohùn Únṣí yí padà. Ó ní àwọn aláwọ̀ funfun dé, wọ́n pa ẹfọ̀n nípakúpa, wọ́n bó awọ lọ, wọ́n fi ẹran sílẹ̀ kó máa jẹrà. Wọ́n mọ̀ pé ẹni tí kò bá rí ẹfọ̀n mọ́ yóò wá na ọwọ́ sí àwọn fún oúnjẹ. Wọ́n fọwọ́ sí ìwé pé àwọn òkè dúdú kan, tó jẹ́ ibi mímọ́ fún Lakota, ti Lakota ni títí láé. Nígbà tí wọ́n rí góòlù níbẹ̀, títí láé dópin. Wọ́n kó àwọn ọmọ lọ síléèwé tó jìnnà, wọ́n gé irun wọn, wọ́n ń nà wọ́n bí wọ́n bá sọ èdè ilé. Ìyá Únṣí wà lára àwọn ọmọ náà. Ó ní, "Nígbà tó padà wálé, ìyá rẹ̀ bá a sọ̀rọ̀. Kò yé e mọ́."

Ẹ má retí pé kí n fi ìyẹn ṣẹ̀fẹ̀. Mo sunkún. Mo sọ tiwa náà fún un, ti Araromi àti gbogbo etí òkun wa, bí omi ṣe wọlé tó gbé ilé, tó gbé ṣọ́ọ̀ṣì, tó gbé sàréè bàbá èèyàn lọ. Mo ní ilé tí wọ́n bí mi sí, ẹja ló ń gbébẹ̀ báyìí.

Ó di ọwọ́ mi mú. "Tiyín sàn díẹ̀," ó ní. "Òkun ò fọwọ́ sí ìwé fún yín."

Lẹ́yìn náà ló sọ pé gbogbo nǹkan ńlá ni wọ́n ti gbà lọ́wọ́ àwọn. Pé kí ọkùnrin má wo ojú ìyá ìyàwó rẹ̀, nǹkan kékeré ni, kò sẹ́ni tó rántí gba ìyẹn, ìdí nìyẹn tóun fi dì í mú. Nígbà tí a délé, mo fa àpótí mi jáde lábẹ́ ibùsùn, mo tú ẹrù mi. Bùsọlá wò mí, mo ní kó má wò mí.

Ajá

Láti ọjọ́ náà ni èmi àti Kálìfín ti bẹ̀rẹ̀ sí sọ̀rọ̀, ṣùgbọ́n ajá là ń sọ ọ́ fún. Wọ́n ní ajá ńlá kan tó máa ń sùn sẹ́nu ọ̀nà. Èmi á jókòó sínú ilé, màá ní, "Ajá, ẹnì kan nínú ilé yìí ń wa mọ́tò bí ẹni tí ọlọ́pàá ń lé. Ọmọ mi ló sì ń gbé nínú ẹ̀." Màá wá gbọ́ ohùn ńlá kan láti ẹ̀yìn ilé: "Ajá, ẹni náà ti gbọ́." Lọ́jọ́ kejì mọ́tò ń rìn jẹ́jẹ́.

Mo fi ìyókù ẹja yíyan mi se ọbẹ̀, mi ò sì ṣahun ata. Mo gbé tiẹ̀ sẹ́nu ọ̀nà, mo wọlé. Kò pẹ́, mo gbọ́ ikọ́. Nígbà tí ohùn rẹ̀ padà bọ̀ sípò, ó ní, "Ajá, sọ fún ẹni tó se é pé ó dùn."

"Ajá, sọ fún un pé irọ́ ló ń pa."

Ó tún wúkọ́. "Ajá, àbọ̀ rẹ̀ jẹ́ òótọ́."

Ẹ̀yin tí ẹ̀yin àti ọkọ ọmọ yín ò gbọ́ra yín yé, ẹ lọ wá ajá. Mo ti ní àna méjì tẹ́lẹ̀ o, àwọn tó ń dọ̀bálẹ̀ gbalaja, tó ń pè mí ní Mọ́mì, kò sí èyí tí mo bá sọ̀rọ̀ tó ìyẹn rí.

Ìgbà tó yá, yìnyín bọ́, ó bo ilẹ̀, nígbà tó sì ń yọ́, gbogbo àyíká di ẹrẹ̀. Bàtà tí mo gbé lọ, bàtà Etíkàn tí ọmọ ìka ń yọ síta ni, ẹsẹ̀ mi kú tán nínú ẹ̀. Mi ò sọ fún ẹnikẹ́ni, mi ò sọ fún ajá pàápàá. Mo jí láàárọ̀ ọjọ́ kan, mo bá bàtà awọ lẹ́nu ọ̀nà yàrá mi, irun ẹran wà nínú rẹ̀, ìlẹ̀kẹ̀ wẹ́wẹ́ wà lójú rẹ̀. Mo wọ̀ ọ́, ó gbà mí rẹ́gí, títí dórí ọmọ ìka ẹsẹ̀ mi tó yà sẹ́gbẹ̀ẹ́ láti ìgbà tí mo ti fi gbá òpó tí wọ́n ń so ọkọ̀ mọ́. Mo bi Únṣí pé ta ló wọn ẹsẹ̀ mi. Ó ní Kálìfín ni. Ó lọ sí ibi tí mo tẹ̀ nínú ẹrẹ̀, ó gbé páálí lé e, ó gé e bí ẹsẹ̀ mi ṣe rí, ó ní kí Únṣí bá òun fi rán bàtà. Ọkùnrin tí kò tíì wo ojú mi, ó mọ ẹsẹ̀ mi ju bàbá Bùsọlá lọ, kí Ọlọ́run dẹlẹ̀ fún un. Mo jókòó sẹ́nu ọ̀nà, mo sunkún díẹ̀, mo wá sọ fún ajá pé ó ṣeun.

Àsè

Kí n tó máa bọ̀, Únṣí se àsè láti fi mí han ẹbí. Gbogbo obìnrin tó wá ló gbé abọ́ òfìfo dání. Mo rò pé àwo ò tó nínú ilé ni. Nígbà tí wọ́n jẹun tán, wọ́n bu ìyókù sínú abọ́ wọn, wọ́n dé e pa, kò sẹ́ni tó wo ẹnikẹ́ni. Ẹni tí kò bá gbé nǹkan lọ ló ṣẹ alásè. Mo ronú gbogbo wa níbí, tí a ń ki ẹran bọ ọ̀rá nínú báàgì, tí a ń wo ọ̀tún wo òsì bí olè. Mo yá abọ́ kan kíá, mo bu tèmi.

Ẹní kan wà tí mo gbé lọ fún Únṣí, ẹní alárà tí mo fi gbogbo ẹ̀ẹ̀rùn hun. Ó dìde láàárín èrò, ó yìn mí, ó na ẹní náà sókè kí gbogbo èèyàn rí i. Orí mi wú. Ó bá rìn lọ sí ọ̀dọ̀ obìnrin kan tó jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀kùn, tí mi ò rí rí, ó gbé ẹní mi fún un. Gbogbo èèyàn ń mi orí pé ó dáa. Èmi nìkan ni mo la ẹnu sílẹ̀.

Nígbà tó padà wá jókòó, mo ní, "Únṣí, ṣé ẹní náà ò wù yín ni?"

"Òun ló wù mí jù nínú ilé yìí," ó ní. "Ṣé ohun tí kò wù mí ni kí n fi tọrẹ láti bọlá fún ọ?"

Mo ro ìyẹn fún ìgbà díẹ̀. Mo ní, "Kálìfín ńkọ́, ṣé ó wù yín?"

"Ó wù mí ju ẹní lọ."

Mo ní, "Bùsọlá náà wù mí gan-an."

Àwa méjèèjì wo ara wa, a sì ń bá kọfí wa lọ. Láàárọ̀ ọjọ́ tí mò ń bọ̀, èmi fúnra mi ni mo kó aṣọ Bùsọlá jáde nínú àpótí, tí mo fi wọ́n padà sínú kọ́bọ́ọ̀dù ọkọ rẹ̀.

Etíkàn

Ẹ̀yin kan wà níbẹ̀ lọ́jọ́ tí Bàbá Ọlọ́kọ̀ pe ẹbí jọ, ṣùgbọ́n àwọn tí kò sí níbẹ̀ ti ń sọ tiwọn, ẹ jẹ́ kí n sọ bó ṣe ṣẹlẹ̀. Mo dé iwájú wọn, mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Mo rò pé ó parí. Bàbá Ọlọ́kọ̀ ní kò tíì parí, òun fẹ́ fi ojú ara òun rí ọkùnrin náà, kó sì dọ̀bálẹ̀ kóun tó gba nǹkankan. Wọ́n pe Bùsọlá àti ọkọ rẹ̀ lórí fóònù, wọ́n gbé fóònù náà ti agolo mílíìkì kí gbogbo ẹbí lè rí i. Èmi ìyá ìyàwó, iwájú gan-an ni mo jókòó sí, gèlè mi dúró ṣánṣán. Mo gbàgbé pé fóònù náà lójú.

Bùsọlá ló kọ́kọ́ yọ, ó kúnlẹ̀ kí gbogbo wọn. Kálìfín wọlé tẹ̀ lé e, ó tẹjú mọ́ fóònù, ó rí gèlè mi. Kíá ló yí padà. Ohun tí ẹbí rí ni ẹ̀yìn gbàgàdà kan àti irun dídì ẹyọ kan.

Bàbá Ọlọ́kọ̀ dìde.

"Èmi ló kẹ̀yìn sí? Ẹni tó wá tọrọ ọmọ lọ́wọ́ mi?"

Àwọn àbúrò ọkọ mi ń kùn. Ẹnì kan ní kí wọ́n pa fóònù, ìwọ̀sí ti tó. Mo rí Bùsọlá lórí ìkúnlẹ̀ níbẹ̀, ojú tó ní lọ́jọ́ tó ń ká aṣọ ló tún gbé wọ̀. Ó ń wò mí.

Ṣé kí n máa ṣàlàyé ni? Ẹ̀yin náà mọ Bàbá Ọlọ́kọ̀, bó bá ti dìde báyẹn, etí rẹ̀ ti di. Mo dìde, mo gba iwájú gbogbo wọn kọjá, mo bọ́ sórí afárá pákó níta, mo sì fa ilẹ̀kùn dé. Mo wá pariwo láti ibẹ̀, pé, "Bùsọlá, sọ fún ọkọ rẹ pé mo ti jáde."

Mo dúró. Omi ń lu òpó ilé lábẹ́ ẹsẹ̀ mi. Ó ṣe díẹ̀ tí mi ò gbọ́ nǹkankan, lẹ́yìn náà ni mo gbọ́ tí àwọn obìnrin ilé hó yè, tí Bàbá Ọlọ́kọ̀ sì ń rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín rẹ̀ yẹn tó máa ń di ikọ́.

"Ó ti dọ̀bálẹ̀," ó ní, "gbogbo àyà rẹ̀ ló wà nílẹ̀. Ìyá Bùsọlá, ọkùnrin yìí gùn o. Wá wò ó."

Ẹnì kan ti ń ti ilẹ̀kùn láti inú kí n lè wọlé. Mo fi ọwọ́ méjèèjì di ilẹ̀kùn náà mú.

"Bàbá," mo ní, "ẹ bá mi wò ó."